Dókítà Ojú Kàlẹ́ńdà

Kí n kàn yọ ojú kan kúrò kí n fi òmíràn rọ́pò! Ohun tí ẹ wí kí ẹ tó lọ kírun nìyẹn, Àlàájì Ràsákì, àbí etí mi ló tàn mí? Ẹ wọlé, ẹ kí mi kú iṣẹ́, ẹ fa fọ́tò pélébé kan yọ látinú àpò agbádá, ẹ gbé e sórí tábìlì mi, ẹ ní, "Adébùnmí, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ti tún dé o, bíi ti èsí náà la fẹ́ ẹ, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, sáà yọ dókítà ti tẹ́lẹ̀ kúrò kí o fi tuntun yìí sí i." Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n pààrọ̀ gílóòbù iná. Ẹ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ ní ẹ ń lọ kírun, ẹ ń bọ̀. Ó dáa, ẹ ti dé. Ọlọ́run á gbà á. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, lórí bébà yẹn, mi ò tíì fẹ́ gé e.

Ẹ má dìde. Mi ò bínú. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé ojú ẹni tó ń bínú nìyí? Láti oṣù kẹta tí Mojíbọ́lá àbúrò mi ti kú ni mo ti ń wá ìbínú yẹn, mo wá a tì. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé, wọ́n ní kí n sunkún, ó máa ń dín in kù, mo ní ó dáa, mo jókòó, mo dúró de ẹkún, kò wá. Ara mi kú típiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tí kò mọ̀ pé òun ṣì ní in mọ́. Mò ń jí, mò ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ, mò ń sọ pé ẹ kú oríire. Tí mo bá jẹun, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i tàbí wọn ò fi sí i. Nítorí náà ẹ fọkàn yín balẹ̀, mi ò ní pariwo lé yín lórí. Ẹ sáà máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí bẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ jókòó. Ayọ̀kúnnúmi, ìyàwó Samson àbúrò mi, ẹ mọ̀ ọ́n, ó wà nílé ní Ìdí-Àyìn báyìí, oyún àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti lé lóṣù mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ló yẹ kó di ẹrù kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa ní Ṣakí, kó máa gbé nítòsí ọsibítù títí ọjọ́ á fi pé, bí àwọn obìnrin abúlé wa ṣe máa ń ṣe. Mo pè é lánàá. Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo ní èéṣe? Ó ní kí lòun fẹ́ lọ ṣe ní Ṣakí nígbà tí dókítà ń bọ̀ nílé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ó ní Ṣíámáànù ni, ẹ̀yin náà nìyẹn, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ẹgbẹ́, ó ní Godspower ni wọ́n ń pe dókítà náà, àgùnbánirọ̀ ni, kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́ dè é. Àlàájì, kí lòun fẹ́ lọ ṣe ní Ṣakí! Ọ̀rọ̀ tí Mojíbọ́lá sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Lórí fóònù yìí kan náà. Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó, mo tún gbé e padà sétí.

Kí lẹ wí? Pé ti Mojíbọ́lá ti kọjá, pé ká máa wo iwájú? Ó ti kọjá lọ́dọ̀ tiyín ni. Hadassah ọmọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Bàrígà, ọmọ ọdún mẹ́rin, èmi ni mò ń dirun fún un láràárọ̀. Ẹ lọ sọ fún un pé ó ti kọjá.

Ṣebí èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a lọ tọrọ dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni, tọrọ, kí la tún fẹ́ pè é? Oṣù kẹsàn-án èsí. Ẹ ní ìjọba ò ní fún wa ní dókítà, ẹ ní lẹ́tà mẹ́rin lẹ ti kọ, wọn ò fèsì ìkankan. Ẹ ní àmọ́ tí a bá gba ọ̀dọ̀ ìyá dókítà kan, tí ìyá bá ti yọ̀ǹda, ọmọ tó bá gbọ́n ò ní já ìyá ẹ̀ nírọ́. Gbogbo mítìn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́! Ni àwa márùn-ún látinú ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdí-Àyìn bá wọṣọ, a ru iṣu, a gbé oyin ìgò méjì, ó di ilé màmá Dókítà Olúwafimíhàn ní Fọlá Àgòrò. A kúnlẹ̀ ní pálọ̀ obìnrin yẹn. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ ní, "Màmá, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá, a fẹ́ já a." Òdòdó! Ọkùnrin gìrìpá tó ń tún irùngbọ̀n ṣe, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó fi ọwọ́ dí ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Omi jáde lójú mi nígbà yẹn o, ó wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Màmá náà gba iṣu, ó ní òun fún wa lọ́mọ. Ẹnì kankan ò bi ọmọ léèrè. Òun fúnra ẹ̀ ló bi wá. Mo rántí, ó rọra sọ̀rọ̀ ni, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé wà tí màá gbé? Ṣé omi wà? Ṣé iná wà tí a lè fi tọ́jú abẹ́rẹ́?" Ẹ ní gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ ní Ìdí-Àyìn ti ń dúró dè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ṣé gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀, Àlàájì? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ dá ara yín lóhùn. Ilé tí ẹ ní ó wà, ògiri ló wà. Nígbà tó bá wa lọ síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó gbé orí sókè nínú yàrá tó yẹ kó máa sùn, ó rí ojú ọ̀run. Omi wà lóòótọ́, omi odò. Ẹ mú un jáde kíá, ẹ gbé e dúró síwájú ilé ìlera, ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ó sì rẹ́rìn-ín, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó ní tí ẹ bá ti kan páànù sórí ilé yẹn, òun máa wá. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ẹ ní kí oṣù kọkànlá yẹn tó parí, páànù á ti wà lórí ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe atẹ̀wé ò mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, kí ọdún tuntun tó yọjú rárá la ti máa ń tẹ̀ ẹ́ tán, torí tó bá ti di oṣù kejìlá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo ilé ìwé tó wà l'Ékòó ló máa ya bo Ṣómólú. Nítorí náà, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni à ń tẹ̀. A máa ń tẹ ọjọ́ Iléyá tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí oṣù ẹ̀. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yìí, mo gbé dókítà sáàárín, mo gbé Baálẹ̀ sápá ọ̀tún, mo gbé yín sápá òsì, àyè wá ṣẹ́ kù lábẹ́ dókítà, bí ìka mẹ́rin. Atẹ̀wé ò fẹ́ràn àyè òfìfo, Àlàájì, ó máa ń dà bí ẹni pé iṣẹ́ ò parí. Mo pè yín, mo ní kí la máa kọ síbẹ̀, ẹ ní ohunkóhun tó bá ti dáa lójú mi. Ni mo bá kọ ọ́. Ẹ̀yin kọ́ o. Èmi ni. Ní lẹ́tà gàdàgbà, pupa: LÁTI OṢÙ KẸTA, DÓKÍTÀ WÀ NÍ ÌDÍ-ÀYÌN. ALÁBOYÚN, Ẹ MÁ LỌ SÍ ṢAKÍ MỌ́. Ó bọ́ sínú àyè yẹn rẹ́gí. Inú mi dùn, mo pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì kí wọ́n wá wò ó.

Mo ti sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ má baà sọ ọ́ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi kàn mí tí mi ò tíì fi kan ara mi, nítorí náà ẹ pa ẹnu yín mọ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣùgbọ́n mo gbé prúùfù fún yín. Mo ní ẹ kà á kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ fi gíláàsì sójú, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní, "Obìnrin yìí, orí ẹ pé!" Ẹ fọwọ́ sí i.

Kàlẹ́ńdà wá dé Ìdí-Àyìn. Kò sí ilé tí kò wọ̀. Wọ́n gbé ti ọdún tó kọjá kúrò lára ògiri kí ọdún tó kọjá tó kọjá. Ẹ̀yin náà lọ bá Màmá Dáraolúwa, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti ń gbẹ̀bí lẹ́yìn ilé ẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún, òun ló gbẹ̀bí Mojíbọ́lá fúnra ẹ̀, òun ló gbẹ̀bí Samson. Màmá yẹn, tó bá wo ẹsẹ̀ aboyún tó wú, ó ti mọ ẹni tó yẹ kó máa lọ sí Ṣakí láìjáfara. Ẹ ní kó ti yàrá ìgbẹ̀bí yẹn pa. Ẹ ní kò ní bójú mu kí dókítà dé kó bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ nínú ìlú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fún un ní aṣọ. Ó ti yàrá, ó di ẹrù ẹ̀, ó lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Mi ò bá yín jà nígbà yẹn. Ta ló bá yín jà? Inú gbogbo wa ń dùn.

Ìparí oṣù kejì, Mojíbọ́lá pè mí. Ẹ mọ̀ pé Hadassah, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i ní Ṣakí. Kì í ṣe ẹni tó yẹ kó bímọ síbi tí dókítà ò sí. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n máa lọ sí Ṣakí ni àbí kí n dúró? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ṣakí tí dókítà bá ń bọ̀? Mo fẹ́ bímọ sílé, kí ọkọ mi wà níbẹ̀." Mo ní jẹ́ kí n bi Ṣíámáànù. Mo bi yín. Ọjọ́ Ẹtì ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní mọ́ṣáláṣí, mo ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn yín. Ẹ ní, "Sọ fún un kó jókòó jẹ́ẹ́ sílé ọkọ ẹ̀. Dókítà ti ń di ẹrù. Ọjọ́ Ajé ló ń lọ." Mo sọ fún un. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún un pé, "Jókòó jẹ́ẹ́."

Ọjọ́ Ajé dé, dókítà ò dé. Ẹ ní ìwé kan ló kù tó fẹ́ gbà, pé Ọjọ́bọ̀ ni. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro Mojíbọ́lá.

Ẹ ò bi mí rí bó ṣe lọ. Ẹ wá síbi ìsìnkú, ẹ jókòó sórí àga iwájú, ẹ gbàdúrà, ẹ ò bi mí. Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ báyìí. Samson àti ọkọ ẹ̀ mú un lọ síbi ilé ìlera láago mẹ́jọ àárọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ti lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ilẹ̀kùn náà, kàlẹ́ńdà mi. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, abẹ́ òrùlé ni, kò sí oòrùn. Samson pè yín. Ẹ ní dókítà ti kúrò l'Ékòó. Láago mẹ́wàá ó tún pè yín. Ẹ ní ó ti kọjá Ìbàdàn. Ó ti kọjá Ìbàdàn! Ẹ ní kí wọ́n má gbé e lọ ibì kankan, kí wọ́n má lọ pàdé ara wọn lọ́nà kí wọ́n kọjá ara wọn. Wọ́n bá dúró. Samson ní Mojíbọ́lá ń wo fọ́tò ara ilẹ̀kùn yẹn tí ìrora bá ti dẹwọ́. Ó ní, "Ojú ẹ̀ jọ ojú èèyàn jẹ́jẹ́." Láago méjì ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀. Mọ́tò tó wá kó iṣu ni wọ́n bẹ̀, wọ́n já iṣu sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà wa. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi dákẹ́. Òun àti ọmọ inú ẹ̀. Ọmọkùnrin ni.

Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé dókítà ló dà wá. Ẹ sọ ọ́ ní mítìn, ẹ lu àyà, ẹ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ló yí padà lójú ọ̀nà, pé àwọn dókítà ìsinsìnyí ò ní àánú, owó òyìnbó ló wà lójú wọn. Mo gbà yín gbọ́. Mo kórìíra ọmọ yẹn, tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kórìíra ẹ̀, mo kọ ọ́ sínú bí ohun tí màá ṣe tó bá yá. Torí mi ò lè ṣe é nígbà yẹn. Ìwé ìkéde òkú ló wà níwájú mi tó yẹ kí n tẹ̀. Ẹ mọ̀ bí mo ṣe ṣe é? Mo ṣí fáìlì kàlẹ́ńdà yín. Àwa atẹ̀wé, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo tí a bá ti ní ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀. Àwòrán gbọ́dọ̀ wà láàárín, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Mo yọ ojú dókítà kúrò, mo fi ojú àbúrò mi sí i. Mo pa ọ̀rọ̀ pupa rẹ́, mo kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ orí ẹ̀ síbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe, ó sì ti lọ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà wá ní kí n yọ ojú kan kúrò kí n fi òmíràn sí i. Háà! Ẹ kú ọgbọ́n.

Mi ò ì bá máa sọ èyí o. Ǹ bá tiẹ̀ ti tẹ kàlẹ́ńdà yín, torí kò sí ohun tí mo lè kọ̀ mọ́, ohun tí wọ́n bá ti gbé síwájú mi ni mò ń tẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí Fọlá Àgòrò. Mo ní kí n lọ bá ìyá dókítà jà. Mo ní bóyá tí mo bá débẹ̀, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ohun tó há sí mi láyà á tú jáde. Màmá náà ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó dá mi mọ̀, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin tí ẹ wá tọrọ òdòdó." Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ yẹn, bẹ́ǹṣì, Ìbàdàn. Obìnrin yẹn dìde dúró. Ó ní, "Ìbàdàn wo? Fimíhàn ti wà ní Saudi láti oṣù kìíní!"

Ó wọ yàrá, ó gbé fóònù wá. Ó fi ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín hàn mí, torí ọmọ náà fi ránṣẹ́ sí òun náà, kó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo dúró de páànù, ẹ ò kàn án, iṣẹ́ mìíràn ti yọjú, mi ò ní lè wá mọ́. Ẹ tètè wá ẹlòmíràn, ẹ má jẹ́ kí àwọn aboyún gbọ́kàn lé mi." Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ó dárúkọ àwọn aboyún. Èsì yín sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣé kí n sọ ọ́? Mo ti kọ́ ọ sórí. "Ọmọ mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Kàlẹ́ńdà ti jáde. Èmi mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Ẹ ń wo ọwọ́ yín.

Ní ọjọ́ kejìlá, Àlàájì, ọ̀ọ́dúnrún kàlẹ́ńdà yẹn ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí! Mi ò tíì dì wọ́n. Tí ẹ bá ti pè mí, tí ẹ bá ní, "Adébùnmí, ó ti bàjẹ́, dókítà ò wá mọ́," mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, màá dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé yìí, màá tẹ òmíràn láìgbà kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ ti pe Baálẹ̀ wá síbi ìfilọ́lẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi yín joyè Atúnlùúṣe. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Ràsákì ló gbé dókítà wá. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, ẹ ò burú tó yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ń wá dókítà mìíràn lábẹ́lẹ̀, ẹ ń sáré kiri, ẹ rò pé tí ẹ bá rí òmíràn kí oṣù kẹta tó dé, ẹnì kan ò ní mọ̀ pé ẹni tó dé kọ́ ni ẹni tó wà lójú kàlẹ́ńdà. Ẹ rò pé àyè lè ṣí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àbúrò mi ló bọ́ sínú àyè yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún níbí. Mi ò ní ẹkún tí mo lè fi bá yín sun ún. Tí ẹ bá fẹ́ sunkún, ẹ sun ún délé.

Èyí tí mo ń sọ gan-an nìyí. Nígbà tí ẹ lọ kírun, mo yí fọ́tò yìí sẹ́yìn, mo rí nọ́ńbà fóònù níbẹ̀. Mo pè é. Ó gbé e. Godspower, ohùn ẹ̀ dáa, ọmọdé ni. Mo ní dókítà, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ Ìdí-Àyìn. Ó ní ibo? Mo tún un sọ. Ó ní háà, bàbá kan ló bá òun pàdé ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Fádèyí, ó bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa, ó gba fọ́tò lọ́wọ́ òun, ó ní òun máa fi han àwọn àgbà ìlú. Òun sì sọ fún un pé òun ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ, ó lè jẹ́ Òkè-Ògùn, ó lè jẹ́ Sókótó. Ó ní, "Mummy, I no promise am anything o." Pé òun ò ṣèlérí kankan, ohun tó sọ nìyẹn. Ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé! Ẹ ti ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́!

Ẹ̀ẹ̀mejì, Àlàájì. Ọ̀kan náà, nínú ọdún kan.

Mo sọ fún Ayọ̀kúnnúmi lánàá, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa lọ sí Ṣakí. Ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ o, kò rí mi fín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà pé ká má lọ sí Ṣakí mọ́. Ẹ wá ní ká lọ báyìí. Èwo ni ká gbà gbọ́?" Òótọ́ ló sọ. Ó ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí, pé ẹ̀rù ló ń bà mí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀. Samson ọkọ ẹ̀ pàápàá ní ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, pé àgùnbánirọ̀ kì í sá, ìjọba ló ń gbé e wá. Wọ́n ní àfi táwọn bá gbọ́ ọ látẹnu Ṣíámáànù fúnra ẹ̀ pé kò sí dókítà. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n gbà.

Nítorí náà mi ò ní kí ẹ bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ wólẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orúnkún yín kúrò nílẹ̀, yíǹkì wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣépè fún yín, mo gbìyànjú ẹ̀ nílé, mo kúnlẹ̀ mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ, kò jáde, ẹnu mi ń wí i bí ẹni ń ka ìwé oníwèé. Mi ò ní sọ fún ẹgbẹ́ pàápàá. Ẹ lè máa jẹ Atúnlùúṣe yín lọ, ẹ máa dé fìlà ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni. Ẹ máa sọ fún un pé, "Ayọ̀kúnnúmi, irọ́ ni mo pa. Kò sí dókítà kankan tó ń bọ̀. Kò sí ní èsí náà, mo sì mọ̀. Dìde báyìí kí o lọ sí Ṣakí." Gbogbo ẹ̀ lẹ máa sọ, títí kan pé ẹ mọ̀. Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, kò ní gbà yín gbọ́, á rò pé ẹ kàn fẹ́ fi tù mí nínú ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ìrọ̀lẹ́ wo? Tí ẹ bá délé? Rárá o. Mọ́tò Ṣakí tó kẹ́yìn máa kúrò ní Ìdí-Àyìn láago mẹ́rin, aago mẹ́ta ti kọjá. Fóònù rèé. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ ọ, ó ń dún. Mo ti ṣí ohùn ẹ̀ síta kí n lè máa gbọ́.

Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà, Àlàájì. Ẹ wo ibí.

Ẹ̀n-ẹ́n, Ayọ̀kúnnúmi. Èmi ni. Ara mi le, ìwọ ń kọ́? Ọmọ ń jà nínú? Ó dáa, jẹ́ kó máa jà. Má pa fóònù. Ṣíámáànù wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó ní nǹkan tó fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹ.

Ẹ gbà á. Ó ń gbọ́ yín.